Ìdí Tí Òòyà Fi Ní Eyín

Nígbà láéláé, nígbà tí ìyá ìyá mi kò tíì dáyé, kò sí òòyà níbì kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún yẹn, mo rí yín. Ìka ọwọ́ ni tọmọdé tàgbà fi ń ya irun nígbà náà. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá ki, orí rẹ̀ a máa rí wúruwùru, a máa gbé e káàkiri ìlú bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá a wí.

Láyé ìgbà náà, ohun gbogbo ló ń sọ̀rọ̀, ohun gbogbo ló sì ń rìn. Ọṣẹ ń rìn, abẹ ń rìn, àpótí ìjókòó a sì dìde fúnra rẹ̀ lọ pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ìlú Òkè Ọparun, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọ̀pádọ̀tun. Àyọ̀ká ni ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́dọ́lá sì ni àkọ́bí wọn. Lẹ́yìnkùlé wọn, lábẹ́ ìkòkò omi ńlá kan, ni pákó kékeré kan ń gbé. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ odó Àyọ̀ká tán ni èyí ṣẹ́ kù lára igi. Ó le, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Pẹlẹbẹ ni gbogbo ilé ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó dúró síbẹ̀ kí ìkòkò omi má baà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àṣà kan wà láàrin Òkè Ọparun àti Odò-Arò tó múlé gbè é. Tí ọ̀rọ̀ ààlà bá di ìjà, wọn a yan ọkùnrin kan láti ọ̀kan nínú ìlú méjèèjì, tí yóò gbin pèrègún síbi tí ilẹ̀ ti pín. Láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, abẹ kò gbọdọ̀ kan àgbọ̀n ẹni náà mọ́, títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Lọ́jọ́ tí yóò gbin igi, àgbà kan láti ìlú kejì yóò ti ìka bọ irùngbọ̀n rẹ̀, yóò sì fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Bí ìka bá kọjá wẹ́rẹ́, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ẹni náà tọ́, kó gbin pèrègún. Bí ìka bá há, wọ́n á ní ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ ta kókó, inú rẹ̀ náà ta kókó ni. Ìlú kejì ni yóò wá gbin pèrègún síbi tó bá wù wọ́n. Bí wọ́n bá sì rí i pé ó ti gé nínú rẹ̀, ìyẹn tún burú jù. Wọ́n á ní ẹni tó gé irùngbọ̀n yóò gé ilẹ̀ onílẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Ọ̀pádọ̀tun ni wọ́n yàn. Irùngbọ̀n ọkùnrin yìí kò mọ ìgbà tó yẹ kí ó dúró. Ó gùn, ó dé àyà, ó ń wá ìdodo lọ. Èèpo àgbàdo wọ inú rẹ̀, eruku oko wọ inú rẹ̀, ọbẹ̀ ilá kò gbẹ́yìn. Kí iṣu tuntun tó jáde, ó ti ta kókó lórí kókó.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbin pèrègún, Àyọ̀ká pọn omi dé, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, agbè já lu ìkòkò ńlá náà, ìkòkò sì fọ́. Àyọ̀ká kó àpáàdì jọ. Ó bojú wo Pẹlẹbẹ nílẹ̀.

Ó ní, "Pákó yìí kò ní iṣẹ́ mọ́. Lọ́la tí mo bá ń se iṣu àlejò, mo máa fi dáná."

Kò fi ìkà sọ ọ́. Bí èèyàn ṣe ń sọ pé òjò ń bọ̀ ló ṣe sọ ọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọkàn Pẹlẹbẹ já. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó ronú bí iná ṣe máa ń jẹ igi lẹ́nu ààrò, ó sì rí i pé àfi kí òun wá iṣẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Láìpẹ́, ó gbọ́ ohùn Ọ̀pádọ̀tun níwájú ilé. Ọkùnrin náà ti gbé igbá aláràbarà kan kalẹ̀, ó sì pe gbogbo ohun ìtọ́jú ara tó wà nínú ilé jọ.

Ó ní, "Mo fẹ́ yan àwọn tí yóò máa bá mi tọ́jú irùngbọ̀n. Ẹni tó bá lè mú kó ṣeé fà láti òkè délẹ̀, inú igbá yìí ni yóò máa gbé. N óò máa gbé e rìn, kò sì sẹ́ni tó máa lé e kúrò nínú ilé yìí láéláé."

Bí Pẹlẹbẹ ṣe gbọ́ èyí, ó dìde. Igun méjì ló fi ń rìn, gbà, gbà, gbà, títí ó fi dé iwájú ilé.

Ọṣẹ Dúdú ló kọ́kọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í lópin, bẹ́ẹ̀ ni ìfófòó rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi," ó wí. "Ìdọ̀tí tó bá rí mi, ó ti rí ikú nìyẹn."

Lóòótọ́, ó fọ irùngbọ̀n náà mọ́ tónítóní. Èèpo àgbàdo jáde, ọbẹ̀ ilá jáde. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ṣe gbẹ ẹ́ tán, irùngbọ̀n náà ká jọ, ó le gbagidi. Kókó wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Òrí bọ́ síwájú. Òrí mọ ara rẹ̀ lẹ́wà, kì í sì í yára rìn.

Ó ní, "Ohun tó bá le, èmi ni wọ́n ń pè sí i. Ẹ bi ọmọ tuntun léèrè."

Ó yọ́ wọ inú irùngbọ̀n, irùngbọ̀n rọ̀, ó ń dán yinrin. Àmọ́ kókó náà ń dán yinrin pẹ̀lú. Àyọ̀ká fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó gbé e mì.

Abẹ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gbọn ara rẹ̀.

"Ẹ kàn ń da ara yín láàmú ni," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n yọ kókó wọ̀nyí kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò mọ̀?"

Ọ̀pádọ̀tun ní, "Èmi yóò mọ̀. Ilẹ̀ tí mo fẹ́ gbin pèrègún sí náà yóò mọ̀."

Abẹ ní, "Kò burú. Ẹ ó padà wá bá mi ṣá."

Ìgbà náà ni Pẹlẹbẹ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà gbìyànjú."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Òrí ní kí Pẹlẹbẹ mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Abẹ bi í pé ṣé ó fẹ́ na irùngbọ̀n náà ní pàṣán ni. Ṣùgbọ́n Ọ̀pádọ̀tun kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ó mú Pẹlẹbẹ, ó sì fi í fa irùngbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀. Pẹlẹbẹ kàn yọ̀ gba orí irun kọjá ni, kò wọ inú rẹ̀ rárá. Ó tún un ṣe, bákan náà ni. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ojú ti Pẹlẹbẹ. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ì bá bọ́ sínú rẹ̀.

Àyọ̀ká fa àpótí súnmọ́ ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ọmọ́dọ́lá, ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ mi wò ó."

Ó ti ìka bọ irùngbọ̀n, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ kí kókó kan tó tú. Ó tún mú òmíràn. Kí ó tó tú ìyẹn, ìka rẹ̀ ti wú, ó ń jó o bí ẹni tó fọwọ́ kan ata.

Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi. Bí mo bá ń ṣe é títí di ọ̀la, kò ní tán."

Ọ̀pádọ̀tun mí kanlẹ̀. "Ta ni yóò bínú sí ọ, Àyọ̀ká? Oko àwọn ọmọ wa ni mò ń rò. Bí ìka bàbá yẹn bá há lọ́la, Odò-Arò á gbin pèrègún sẹ́nu ọ̀nà wa."

Pẹlẹbẹ tí wọ́n ti gbàgbé sílẹ̀ ń wo ọwọ́ Àyọ̀ká. Ó wò ó, ó tún un wò. Ìka Àyọ̀ká ń wọ inú irun, òun kò wọ inú irun. Kí ló dé? Igi ni òun, òun le ju ìka lọ. Àṣé kì í ṣe líle ni. Ààyè ló wà láàrin ìka kan àti èkejì, inú ààyè yẹn ni irun ń gbà kọjá. Òun kò ní ààyè lára, odidi ni òun.

Ẹ̀yin náà ẹ wo ìka yín wò. Ẹ ti ń gbé e kiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín, ẹ kò ronú kan èyí rí.

Pẹlẹbẹ mọ ẹni tó lè dá ààyè síni lára. Òkété ń gbé inú ihò kan lábẹ́ ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé. Nígbà náà, eyín iwájú Òkété ti gùn kọjá ààlà, ó gùn débi pé ẹnu rẹ̀ kò lè pa dé mọ́. Ẹyìn ọ̀pẹ wà nílẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, kò rí ọ̀kan jẹ. Ebi ń pa á, inú sì ń bí i sí gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n gbogbo ayé náà ló mọ̀ pé Òkété kì í pa àdéhùn mọ́. Ẹni tó bá bá a mulẹ̀, kí ó yáa máa ṣọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Pẹlẹbẹ mọ èyí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló kọjá lọ sẹ́nu ihò náà, gbà, gbà, gbà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

"Bàbá Òkété, mo kí yín o."

Òkété yọrí síta. "Ta ni? Àwa tí a kò rí jẹ, wọ́n tún ń kí wa."

"Èmi Pẹlẹbẹ ni. Igi tó le ni mí. Mo wá kí ẹ lè fi ara mi pọ́n eyín yín, kó kúrú, kí ẹ lè jẹun."

Òkété wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Ààyè ni mo fẹ́. Ẹ jẹ mí wọlé gbọọrọ, kí ẹ jáde. Ẹ fi tín-ín-rín sílẹ̀, kí ẹ tún jẹ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é títí kan ẹ̀gbẹ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹnu kàn án. Bí ẹ bá jẹ ẹ̀yìn mi, mo tán nìyẹn."

Òkété ní, "Ẹ̀yìn rẹ? Kí ni n óò fi ẹ̀yìn rẹ ṣe? Mo ti gbà."

Ó gbà kíákíá jù. Ọkàn Pẹlẹbẹ kò balẹ̀, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀ fún un.

Òkété kò kọ́kọ́ mọ bí igi náà ti le tó, nítorí náà ó fi èyí tó nípọn díẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kó tó ti eyín bọ̀ ọ́. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ó dun Pẹlẹbẹ wọra. Omi ì bá bọ́ lójú rẹ̀ bí igi bá ń sunkún. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìrora yìí yóò lópin, òun yóò sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n iná kì í ṣẹ́ nǹkan kù. Ó fara dà á. Òkété ń jẹ wọlé, ó ń jáde, títí ó fi kan ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó rẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ó sì tún fi èyí tó nípọn sílẹ̀.

Nígbà tó pa ẹnu dé, ẹnu pa dé. Eyín rẹ̀ ti kúrú, ó ti mú. Ó mú ẹyìn kan nílẹ̀, ó pa á, ó jẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni igi yìí dùn ún jẹ o. Ó kù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ."

"Bàbá Òkété, a ti jọ sọ ọ́."

"A sọ ọ́. Ta ló gbọ́?"

Ó ya ẹnu, ó kó wọ Pẹlẹbẹ láti iwájú, ó ń wá ẹ̀yìn rẹ̀. Pẹlẹbẹ kò sá. Ó dúró gírígírí, ó kọjú àwọn tín-ín-rín tí Òkété fúnra rẹ̀ gbẹ́ sí i. Bí Òkété ṣe ti orí bọ̀ ọ́, wọ́n gún un nímú, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Eyín tó ti kúrú kò sì lè dé ibi tó ń lọ. Ó tún gbìyànjú, wọ́n tún gún un.

Òkété di imú mú. "Ìwọ pákó yìí, ìgbà wo lo hu eyín?"

Pẹlẹbẹ ní, "Ẹ̀yin lẹ fún mi. Ẹ ṣeun, Bàbá." Ó yí padà, ó gba ilé lọ, gbà, gbà, gbà. Ẹ̀rù kò bà á mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀pádọ̀tun jókòó níwájú ilé, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Abẹ ti jókòó tì í, ó ń sọ fún un pé ọjọ́ ń lọ. Nígbà tí Abẹ rí Pẹlẹbẹ, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá wo ẹni tí ikán jẹ. Lánàá odidi ni ọ́, o kò wúlò. Lónìí àjẹkù ni ọ́."

Pẹlẹbẹ kò tíì dáhùn tí Àyọ̀ká fi ti ẹ̀yìnkùlé dé, tó ń ṣa igi ìdáná. Ó mú Pẹlẹbẹ mọ́ àwọn yòókù, ó sì kọjú sí ẹnu ààrò tí iná ti ń jó. Ooru iná náà ń ta Pẹlẹbẹ lára.

"Ìyá Ọmọ́dọ́lá," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ara mi kí ẹ tó sọ mí sínú iná. Ẹ fi mí wé ìka yín."

Àyọ̀ká dúró. Ìka rẹ̀ ṣì ń dùn ún láti àná, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìka wọ̀ ọ́ létí. Ó gbé Pẹlẹbẹ sókè, ó wo ààyè tó wà láàrin eyín kan àti èkejì. Ó wo ọwọ́ tirẹ̀. Ó da igi yòókù sílẹ̀, ó sì kọjá lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ọmọ́dọ́lá, ẹ gbé àgbọ̀n sókè."

Ó ti òkè fà á wálẹ̀. Ó há. Ọ̀pádọ̀tun pariwo pé ṣé ó fẹ́ tu àgbọ̀n òun ni. Abẹ wú ikọ́ ẹlẹ́yà.

Pẹlẹbẹ ní, "Ẹ má ti òkè wá, Ìyá. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí Òrí bá mi lọ. Òrí, mo bẹ̀ ọ́, mú un rọ̀ fún mi."

Òrí tó ti fi í ṣẹ̀sín lánàá wò ó, ojú tì í díẹ̀. "Ó dáa," ó wí. "Jẹ́ ká jọ lọ."

Òrí mú irun rọ̀, Pẹlẹbẹ sì wọ inú rẹ̀. Kókó ìsàlẹ̀ tú. Èyí tó wà lókè rẹ̀ tú. Àyọ̀ká ń gòkè, irun ń là, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí omi. Ọ̀pádọ̀tun tó ti di ojú bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú. Nígbà tí Àyọ̀ká fà á láti àgbọ̀n dé ìdodo, tí kò há níbì kan, omi lé ròrò lójú Àyọ̀ká. Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Àyọ̀ká, ṣé tèmi rèé?"

Lọ́sàn-án, ìlú méjèèjì pé sí ààlà. Àgbà Odò-Arò tí yóò yẹ irùngbọ̀n wò, ọkùnrin gbígbẹ kan ni, ojú rẹ̀ le, ó sì fẹ́ kí ìka òun há. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fà á. Wẹ́rẹ́. Ó rò pé bóyá òun kò fà á dáadáa, ó tún un fà. Wẹ́rẹ́. Ó wo ìdí irun bóyá abẹ ti kàn án, kò rí nǹkan kan.

Ó bojú wẹ̀yìn wo àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Kó gbin ín."

Òkè Ọparun hó yèè. Ọ̀pádọ̀tun gbin pèrègún síbi tó yẹ, kò fi ìgbésẹ̀ kan wọ ilẹ̀ ọmọnìkejì, kò sì fi ìgbésẹ̀ kan sílẹ̀ nínú ti àwọn ọmọ rẹ̀.

Àgbà náà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Arákùnrin, ta ló bá ọ tún un ṣe? Èmi náà ní irùngbọ̀n nílé."

Ọ̀pádọ̀tun ṣí igbá rẹ̀. Ọṣẹ wà níbẹ̀, Òrí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Pẹlẹbẹ ló gbé sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ó ní, "Òun rèé. Orúkọ rẹ̀ ti di Òòyà láti òní lọ." Ìlú méjèèjì sì ń pe orúkọ náà, ìró rẹ̀ ń lọ sínú igbó. Ayọ̀ kún inú Òòyà.

Láti ọjọ́ náà ni òòyà ti ní eyín tí kò fi í jẹun, tí eyín méjèèjì tó wà létí rẹ̀ nípọn ju àwọn tó wà láàrin lọ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lódidi, nítorí Òkété kò rí i jẹ. Láti ọjọ́ náà ni Abẹ ti ń gbé inú àkọ̀ lóun nìkan. Láti ọjọ́ náà sì ni, ẹni tó bá fẹ́ kí irun rẹ̀ tọ́, bó ti wù kó ga tó, yóò tẹrí ba fún òòyà. Bí irùngbọ̀n ló bá ní, yóò gbé àgbọ̀n sókè, yóò sì jókòó jẹ́jẹ́. Ọba kì í tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni láàrin ìlú, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni ọba ń tẹrí ba fún pákó kékeré tí wọ́n fẹ́ fi dáná.